Tọ́wẹ̀lì Tó Wà Léjìká Mi

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
Ẹ̀yìn Ibùdó Rélùwéè,
Ọ̀fà.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀.

Sàídátù, Àjọkẹ́ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó kí o tó kà á. Bí ó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, fi í sí àpò títí o ó fi délé. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àbúrò rẹ ṣì ń lọ sí Pólì, ó sì ṣì ń sùn kọjá àsìkò. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé gàrí tí o béèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Ìlọrin la ó fi rán. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ gígùn.

Láti ọjọ́ tí o ti pè wá pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti pé wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n fi ọ́ sí, inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán mi ti yàtọ̀. O mọ̀ pé bí kò bá sí oníbàárà, orí àga tí mo ti ń gẹrun fún ènìyàn náà ni mo ti ń sùn. Màá máa gbọ́ rélùwéè láti òkèèrè, ilẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àga, n kò sì ní mọ̀ bóyá mo ti sùn àbí mi ò tíì sùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí wọ́ọ̀dù tí a jọ gbé nígbà tí o wà ní kékeré. Àwọn fèrèsé rẹ̀ gùn, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ń wo ọ̀nà bí ẹni pé mo pẹ́. Irun gbogbo wọn ti kún. Màá nawọ́ sí tọ́wẹ̀lì léjìká mi, màá sì jí.

Mo gbìyànjú láti bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo kí ọ tán tí mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O tilẹ̀ dá mi lóhùn pé, "Dádì, ṣé ẹ kàn ń kí mi ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo kàn ń kí ọ ni. Ìkíni yẹn gan-an lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

O mọ ìtàn ẹsẹ̀ rẹ bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ nínú ilé. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí ọ̀kadà gbá ọ níwájú ilé kéwú, egungun ojúgun rẹ ṣẹ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ láti tò ó. Ojú ọgbẹ́ ń jiná. Wọ́n ní kí o má sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, o sọ̀kalẹ̀, o fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ sì bàjẹ́. A lo oṣù mẹ́rin níbi tó yẹ kí a ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ kúrú díẹ̀ sí òsì nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ máa ń fi ìtàn náà ṣẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí, o sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níṣojú mi pé, "Olóríkunkun ni mí láti kékeré. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi ṣeré. Ìdí tí mo fi di nọ́ọ̀sì nìyẹn, kí n lè máa bá irú mi wí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìtàn yẹn kì í ṣe òótọ́, Àjọkẹ́. Mo mọ òótọ́ rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, mo sì jẹ́ kí o máa gbé irọ́ náà kiri. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá kà á tán tí o ṣì fẹ́ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu mi, mo ní díẹ̀.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ ni nígbà náà, ọmọ náà kò tíì pé ogójì ọjọ́, nítorí náà èmi ni mo dúró tì ọ́. Ọsibítù kékeré ni. Yàrá gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ àti ẹni tó kán lápá sí, ọkùnrin lápá kan, obìnrin àti ọmọdé lápá kejì. O sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í wọ ibi tí aláìsàn wà kí á lọ tààrà sọ́dọ̀ tiwa bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá dúró ní bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, màá di ọwọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ mú, màá ní ara á yá o, Ọlọ́run á fún wa lálàáfíà. Wọ́n á ṣe àmín. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo ti di ọwọ́ bí mọ́kànlá mú. Wọ́n fẹ́ràn mi. Inú mi sì dùn pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Bàbá kan wà lẹ́bàá fèrèsé, ará Ìlemọ́nà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Tíṣà la ń pè é. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́, ó ti gbé e dé ọsibítù mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí wọn kò tíì gún un. Lọ́jọ́ kan tí mo kí i, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Bàbá Sàídá, ẹ wò mí bí mo ṣe rí. Bí àwọn ọmọ tí mo kọ́ bá wọlé báyìí, wọn ò ní mọ̀ mí." Èmi tí mo jẹ́ onígbàjámọ̀, kí ni kí n ṣe? Mo gbé àpò iṣẹ́ mi wá lọ́jọ́ kejì. Mo gẹ̀ ẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kí n gẹ tòun náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí orí ọkùnrin tí n kò tíì gẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn tí abẹ ń kó ranni ti wọ gbogbo wa létí nígbà náà, nítorí náà mo ń ṣọ́ra gidigidi. Bíléèdì tuntun ni fún orí kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ni mo ti ń já ìwé rẹ̀. Mo ń fi spírítì nu kílípà. Gbogbo wọn rí i, wọ́n ń yìn mí. Ṣùgbọ́n tọ́wẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà léjìká mi, funfun onílà búlúù. Òun ni mo fi ń nu ọrùn ẹni yìí, òun ni mo fi ń nu ojú ẹni yẹn, òun ni mo fi ń nuwọ́ tí mo bá parí. Ẹ̀rù abẹ ló ń bà wá. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù aṣọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú wa níbẹ̀ rí i. Ẹ̀rìn-Ilé ló ti wá, a máa ń pè é ní Máàmi Nọ́ọ̀sì. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá Sàídá, ẹ kú àánú àwọn èèyàn wa o. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kan ẹlòmíì. Tọ́wẹ̀lì yẹn náà, ẹ má mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí."

Mo ní mo ti gbọ́ o, mà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ọkàn mi sọ ni pé, ará Ẹ̀rìn-Ilé ló wá ń sọ fún ọmọ Ọ̀fà pé ó dọ̀tí. O mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti wọn, nígbà náà ó ṣì ń gbóná lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Mo mú ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì, mo fi í sáàárín ìjà ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tilẹ̀ kí wọn kíkankíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó lè rí mi. Mo sì ní ẹ̀rí lọ́kàn ara mi, torí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù yẹn. Omi náà kò jìnnà, kò sì dáwọ́ dúró rí. Mo ń fọwọ́ kí n tó kí Ọlọ́run, n kò fọwọ́ kí n tó kan ọmọ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, o ní ìrọ̀rí tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè le. O ń sunkún. Mo yọ tọ́wẹ̀lì léjìká, mo ká a, mo rọra fi tì ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́. Bándéèjì ti tú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà. O ní, "Ó ti rọ̀, Dádì." O sì sùn. Mo jókòó, mo ń wo ojú rẹ, ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn bàbá ṣe lè balẹ̀ tó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ara rẹ gbóná. Nínú ibà yẹn lo ti sọ̀kalẹ̀, mo ti jáde lọ bu omi. Mo bá ọ lẹ́bàá fèrèsé, o ń rìn lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ náà bí ẹni pé kò dùn ọ́, o ní o gbọ́ rélùwéè, pé kí á ṣe kíá, yóò fi wá sílẹ̀. N kò gbọ́ rélùwéè kankan. Mo gbé ọ, ara rẹ ń jó mi lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ sáré dé tó ń bi mí pé kí ló ṣe é, kí ló ṣe ọmọ mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó sọ̀kalẹ̀." N kò tíì mọ òótọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn.

Oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án, èkejì kò ràn án. Wọ́n mú nínú ojú ọgbẹ́ rẹ àti nínú egbò Bàbá Tíṣà lọ sí láàbù. Máàmi Nọ́ọ̀sì ló wá bá mi lórí bẹ́ńṣì níta. Ó ní, "Kòkòrò kan náà ni. Oògùn tí ò ran tiwọn ni ò ran tọmọ yín. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò sì bá ti Bàbá Tíṣà pàdé rí. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e rìn." Mo ní ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó lè jẹ́ tèmi náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọwọ́ ara mi." Ó wá wo èjìká mi. Òun kò mọ̀ nípa tọ́wẹ̀lì tí mo fi tì ọ́ lẹ́sẹ̀. Èmi mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Ó ní kì í ṣe òun ló ni ọ̀rọ̀ náà láti sọ, èmi ni mo ni ín.

Wọ́n gbé ọ sí yàrá kékeré fún ìwọ nìkan. Wọ́n rí oògùn kan tó ṣì ń ràn án, èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ de ọjọ́ burúkú, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ti jẹ nínú egungun, wọ́n sì ní láti gé díẹ̀ kúrò. Díẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ fi kúrú báyìí.

Ó yá, ìmọ̀ràn mi rèé.

Ìkíní ni ti ọwọ́. Ọwọ́ tó ń ṣàánú àti ọwọ́ tó ń kó àrùn lè jẹ́ ọwọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Má jẹ́ kí inú rere rẹ tàn ọ́ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ẹni tó bá ń kánjú lọ ran èèyàn lọ́wọ́ gan-an ló máa ń gbàgbé ìdí ẹ̀rọ omi. Fọ̀ ọ́ kí o tó kan bẹ́ẹ̀dì, fọ̀ ọ́ nígbà tí o bá kúrò níbẹ̀, kódà bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí wọ́n ń pè ọ́ lọ́tùn-ún lósì.

Èkejì, oògùn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní agolo kan tí a ń kó kápúsù sí. Bí abẹ bá ge ẹnì kan tàbí tí orí ẹnì kan bá sú, a ó ṣí kápúsù, a ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ lé e. Bí ọ̀fun bá ń dùn wá, a ó gbé méjì mì, ó tán. Èyí tí dókítà bá ní kí á lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kẹta tí ara bá ti fúyẹ́ ni yóò bọ́ sínú agolo. Mo ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tèmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé iṣẹ́ dókítà kékeré ni mò ń ṣe. Máàmi Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye pé ńṣe là ń kọ́ àwọn kòkòrò náà níwèé. À ń fi oògùn díẹ̀ hàn wọ́n, díẹ̀ tí kò lè pa gbogbo wọn, èyí tó kù ń mọ̀ ọ́n, títí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ mi wá nílò oògùn náà, wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Ní sùúrù fún àwọn tó bá gbé agolo wọn wá bá ọ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má sì lo èyí tí wọn kò kọ.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan bá tọ́ ọ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, má kọ́kọ́ bèèrè ìlú tó ti wá. Mo bèèrè, o sì mọ iye tí ẹsẹ̀ rẹ fi kúrú.

Èyí tó tẹ̀lé e ni mo rò pé ó dùn mí jù lẹ́yìn tìrẹ. Nígbà tí mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ Bàbá Tíṣà ni kòkòrò náà ti wá, n kò dé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́. N kò kí i mọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ ni mo ti ń wò ó tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù padà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọjá, ó pè mí, ó ní, "Bàbá Sàídá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá o, sà, iṣẹ́ ló pọ̀. Iṣẹ́ wo? Bàbá Tíṣà kò jáde láàyè níbẹ̀. Bí o bá ní irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ, tí wọ́n dá a yà sọ́tọ̀, wọ ìbọ̀wọ́, wọ aṣọ tó yẹ kí o wọ̀, ṣùgbọ́n wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Pè é lórúkọ rẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan bá a fá irùngbọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Òjò ti dá, ẹnì kan yọjú wá gẹrun, mo ní kó padà wá lẹ́yìn Àsárì. Kí n fi èyí kún un. Irú mi yóò wá sí wọ́ọ̀dù rẹ. Yóò jẹ́ ọlọ́yàyà, yóò máa kí gbogbo ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà, yóò máa di ọwọ́ mú, yóò máa gbàdúrà. Má bá a wí lójú àwọn èèyàn. Bá a rìn dé ìdí ẹ̀rọ, kí ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ fọwọ́, kí o wá fún un ní ọṣẹ. Bóyá yóò tẹ̀lé ọ. Bí kò bá tẹ̀lé ọ, tún bá a lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá kan tàbí bàbá kan lè kórìíra rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, fara dà á.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ tìrẹ ló gbé e, torí èèyàn ni ọ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Má ṣe bíi tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé, mo bèèrè ilé Máàmi Nọ́ọ̀sì. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Kò gbà á. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ omi tó wà lágbàlá, ó ní, "Orí ọ̀kadà lẹ ti sọ̀ yẹn." Mo lọ fọwọ́. Ìgbà tí mo padà dé ló di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé o ti di nọ́ọ̀sì. Ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ọ. Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé ọmọ yẹn ṣì ń rò pé òun ni?" Ẹkún ni mo sun nílé onílé, Àjọkẹ́.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ náà, lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, kí n má fi ohùn ránṣẹ́, torí ohùn mi yóò máa bẹ̀bẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ń bẹ̀ ọ́ ṣá. Má kánjú dá mi lóhùn. Bí inú bá bí ọ, jẹ́ kó bí ọ dáadáa, o ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìgbàkígbà tí o bá wálé, èmi yóò ti dúró nídìí ẹ̀rọ omi kí n tó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Bí àwọn èèyàn tuntun tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá bi ọ́ léèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ, má sọ pé o jẹ́ olóríkunkun, má sọ pé o sọ̀kalẹ̀. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ń kí àwọn èèyàn.

Èmi ni,
Dádì rẹ.